Bọ́tìnnì Tó Sá Lọ sí Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹwàá

Wọ́n ti pààrọ̀ prógíráàmù. A dé ibi iṣẹ́ láago mẹ́fà àárọ̀, a tan kọ̀ǹpútà, ojú tuntun ló kí wa káàárọ̀, funfun báláú. Mazzoni, capoturno wa, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí wa lẹ́nu iṣẹ́, ní kí a fara balẹ̀, pé nǹkan àná náà ni, ọ̀dà tuntun ni wọ́n kàn fi kùn ún. Ó kọ́ wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì gbé ìwé kalẹ̀ kí a fọwọ́ sí i pé a ti gbọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń tú páálí tí àwọn oníbàárà dá padà sí magazzino yìí, ilé ìkẹ́rùsí, ní Piacenza. Bí ẹrù inú rẹ̀ bá ṣì dára, mo tẹ Accetta, ó padà sórí pẹpẹ. Bí kò bá dára, mo tẹ Scarta, ó di ti pressa, ẹ̀rọ tó ń rún gbogbo nǹkan pọ̀ lẹ́yìn ilé. Fún ọdún mẹ́sàn-án, ọwọ́ ọ̀tún ni Accetta wà, ọwọ́ òsì ni Scarta wà, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe báàgì, ìbáà ṣe bàtà. Ọwọ́ mi mọ ọ̀nà débẹ̀ ju ojú mi lọ.

Ní báyìí, aṣọ ṣì wà bó ṣe wà. Báàgì náà bẹ́ẹ̀. Ní ojú-ewé bàtà nìkan, wọ́n gbé Accetta lọ sí òsì, wọ́n gbé Scarta wá sí ọ̀tún. Mo bi Mazzoni pé kí ni bàtà ṣe fún wọn. “Leggi, Ronke. C'è scritto.” Pé kí n kà á, wọ́n ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀. Àádọ́rin páálí ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Ta ló ń kàwé lójú eré?

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹwàá

Mo ti fi bàtà aláwọ kan tó dára délẹ̀ ránṣẹ́ sí pressa. Mo gbọ́ ìgbà tó ń rún un. Òjò ń rọ̀ láti àná.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kẹwàá

Dùnsìn ṣe àṣìṣe mẹ́rin lónìí, bàtà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èmi ni mo mú ọmọbìnrin náà wọ ibi iṣẹ́ yìí ní oṣù kẹta. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Agenzia, ilé iṣẹ́ tó ń báni wáṣẹ́, ló gbà á, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá. Bí wọ́n bá tún un ṣe fún un, yóò rí nǹkan gbé lọ sí Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, ní oṣù kejì láti sọ permesso rẹ̀, ìwé ìgbélùú, dọ̀tun. Bí wọn ò bá tún un ṣe, òfo ni yóò gbé lọ. Ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá sì ti ju ogún lọ kí ìwé rẹ̀ tó parí, agenzia kì í wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Èmi náà ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó dé, Italian rẹ̀ kò ju “buongiorno” àti “grazie” lọ. Mi ò jẹ́ kó máa jìjàkadì pẹ̀lú ìwé kíkà. Mo bi í pé, “Ọwọ́ wo lo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀tún ni mà, ṣé màmá mi ò kọ́ mi ni?” Mo ní ó parí. Ọ̀tún ń gbà, òsì ń kọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún bi mí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ gbogbo àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀, obìnrin mẹ́fà yàtọ̀ sí Dùnsìn, àti Àyọ̀kẹ́ tó ti lọ sí magazzino àwọn ọ̀gá wa ní Padova. Kò sí ọmọ Yorùbá tí èèyàn ń sọ èyí fún lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbátí ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un ṣáájú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù kẹwàá

Pásítọ̀ Ọbalolúwa ní kí gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino bọ́ síwájú. Ó gbàdúrà lé wa lórí, ó lé ẹ̀mí àṣìṣe jáde lára wa. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àṣìṣe kọ́ ló gbé bọ́tìnnì lọ sí òsì. Èèyàn tó ń gba owó oṣù ló gbé e.

Nígbà tí mo délé, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Mofìyìnfólúwa, ọmọ mi. Kò gbé ojú kúrò lórí fóònù. “Mamma, basta guardare lo schermo.” Pé kí n ṣáà máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Bàbá rẹ̀ náà ní bóyá ọkàn mi kò sí níbi iṣẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹwàá

Mo ṣe nǹkan tí kò dáa, inú mi sì dùn sí i. Agolo iyọ̀ àti agolo ṣúgà wa jọra, orúkọ nìkan ni mo kọ sí wọn lára. Ó ti pẹ́ tí ṣúgà ti ń gbé apá ọ̀tún sítóòfù. Láàárọ̀ yìí mo pààrọ̀ ipò wọn. Bàbá Fìyìn bu ṣíbí méjì sínú tíì, ó gbé e mu, ó sì sáré tu ú dà sínú síǹkì.

“Olúrónkẹ́, kí ni mo fi ṣe ọ́?”

“Wọ́n kọ ọ́ sí i lára, Bàbá Fìyìn. Ẹ̀yin lẹ ò kà á.”

Ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́: “Papà, bastava leggere.” Pé kó ṣáà ti kà á. Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò tún sọ fún mi mọ́ pé kí n fọkàn síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹwàá

Ìkùukùu bo ojú ọ̀nà débi pé bọ́ọ̀sì fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Mo dé ibẹ̀, mo bá a pé wọ́n tún ti fọwọ́ kan prógíráàmù. Wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe. Ní ojú-ewé aṣọ, Scarta pupa, bí èèyàn ṣe máa retí. Ní ti báàgì, Scarta ti di àwọ̀ ewé.

Mo ṣe àṣìṣe, mo tẹ Annulla láti fagi lé e. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé mo fẹ́ fagi lé e, ó wá fún mi ní bọ́tìnnì méjì: OK àti Annulla. Mo jókòó, mo ń wò ó. Títí di ìsinsìnyí mi ò mọ èyí tó yẹ kí n tẹ̀. Ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn kò tíì ṣe àṣìṣe rí láyé rẹ̀, àbí kò tíì ṣiṣẹ́ rí.

Dùnsìn ti di mọ́kànlá. Ó ti ń ṣiyè méjì kí ó tó tẹ nǹkan. Tẹ́lẹ̀, orin ni ọmọ náà máa ń kọ nídìí iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù kẹwàá

Mazzoni pè mí sí kọ̀rọ̀, ó tẹ́ ìwé kan fún mi. Orúkọ àwọn tó fi bàtà tó dára ránṣẹ́ sí pressa ló wà níbẹ̀. Méje ló fàlà sí nídìí, Dùnsìn wà lára wọn. “Tutte nigeriane,” ló wí. “Stessa pagina, stesso bottone.” Pé ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn, ojú-ewé kan náà, bọ́tìnnì kan náà. Ó ní àwọn ará Romania náà ń ṣe àṣìṣe, àwọn ará Italy náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n tiwọn fọ́n káàkiri. Ojú kan náà ni tiwa. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: “È organizzato, Ronke. E le hai formate tu.” Pé a jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni, pé èmi ni mo sì kọ́ wọn.

Mo sọ fún un pé bí èèyàn méje bá fẹsẹ̀ kọ lójú kan náà, òkúta ni ká lọ wá níbẹ̀. Ó ní kí n má ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún òun.

Inú bí mi. Ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn tí mo ti kọ́ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ wọn. Ẹ̀yìn mi ti bàjẹ́ sídìí iṣẹ́ yìí. Lónìí mo wá di ọ̀gá àwọn ọlọ̀tẹ̀, nítorí pé mo kọ́ àwọn ọmọ mi ní ohun kan, wọ́n sì dì í mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù kọkànlá

Ìsinmi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí òpópónà Via Padova ní Milano lọ ra iṣu. Kílò kan ti di euro mẹ́rin ààbọ̀, obìnrin tó ń tà á sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo fi owó lé e.

Inú ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ti pe Àyọ̀kẹ́ ní Padova. Ó ní prógíráàmù tuntun kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ó di oṣù kìíní. Mo bi í pé àṣìṣe mélòó ló ní nínú oṣù kẹwàá. Ó rò ó. “Ẹyọ kan, Àǹtí. Ọjọ́ tí ibà ń ṣe mí.” Ọwọ́ kan náà ló kọ́ òun àti Dùnsìn, ẹ̀kọ́ kan náà. Mo ní kó bá mi ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wọn. “Àǹtí, they will query me o, wọn ò gbà ká yọ fóònù.” Ó yà á bẹ́ẹ̀ náà. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún un.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kọkànlá

Ilé iṣẹ́ tó ni bàtà ti pariwo. Bàtà tuntun tó ti di ìdọ̀tí ti pọ̀ jù. Àwọn ọ̀gá ní kí Mazzoni lọ bá àwọn tó ṣe prógíráàmù ní Torino lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó sì mú ẹnì kan tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ dání. Èmi ló mú. Ó rò pé wọ́n á gbá mi létí níbẹ̀ fún òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kọkànlá

Torino tutù ju ibí lọ, ṣùgbọ́n oòrùn wà. Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wọn, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Porta Susa. Wọ́n fún wa ní kọfí. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní ingegnere Ravera ló gbà wá, kò tíì tó ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Ìjà ni mo múra fún láti ilé, mi ò rí ẹni bá jà.

Mo tẹ́ àwòrán ojú-ewé aṣọ, ti báàgì àti ti bàtà sórí tábìlì, mo fi èyí tí Àyọ̀kẹ́ yà sí ìsàlẹ̀ wọn. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó wá ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ mẹ́ta làwọn pín iṣẹ́ náà fún, ẹgbẹ́ kan ṣe aṣọ, òmíràn ṣe báàgì, òmíràn ṣe bàtà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jókòó pọ̀ rí. Àwọn tó ṣe bàtà fẹ́ kí tiwọn jọ ti ìgbàlódé. Wọ́n dán an wò lára èèyàn márùn-ún nínú ọ́fíìsì yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé “si abituano”, pé yóò mọ́ àwọn èèyàn lára.

“Àwọn márùn-ún yẹn, ṣé wọ́n tú àádọ́rin páálí ní wákàtí kan?” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bi í ní Italian mi tó ń wọ́lẹ̀. Ó ní rárá. Wọ́n jókòó ni.

Mo sọ fún un pé òsì kọ́ ló burú. Ká ní wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀sẹ̀ kan ni a ó fi bá ọwọ́ wa wí, ọ̀rọ̀ parí. Ohun tó ń pa wá ni pé ó jẹ́ ọ̀tún níbí, ó jẹ́ òsì lọ́hùn-ún, pupa nínú ti aṣọ, ewé nínú ti báàgì. Mo sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé rẹ̀, ó fàlà sí i nídìí: coerenza, pé kí gbogbo rẹ̀ bára mu. “Ha ragione lei, signora.” Pé mo jàre. Ó pè mí ní signora níwájú Mazzoni.

Inú mi ìbá dùn. Mo bi í ìgbà tí yóò tún un ṣe. Ó ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá. Mo ní àwọn àṣìṣe tó ti wà lọ́rùn àwọn èèyàn wa ńkọ́, ṣé wọ́n á pa wọ́n rẹ́? Ó wo Mazzoni. Mazzoni ń wo títì láti ojú fèrèsé. Ingegnere náà ní ìyẹn kì í ṣe ti Torino, ti azienda, ilé iṣẹ́ wa, ni.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Mazzoni jẹ pánínì rẹ̀ tán, ó ní, “Hai vinto.” Pé mo borí.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kọkànlá

Dùnsìn ti di mọ́kàndínlógún. Ó ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Àṣìṣe dínkù, ṣùgbọ́n páálí márùndínláàádọ́ta péré ló ń tú ní wákàtí kan, wọ́n sì ń bá a wí nítorí ìyẹn náà. Ó so òwú mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ kó lè máa rántí bàtà. Páálí kì í sì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni. Nígbà oúnjẹ ó ní, “Àǹtí, ṣé orí mi ni kò pé ni?” Mo ní orí rẹ̀ pé. Omijé ló fi jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kọkànlá

Méjìlélógún.

Mo lọ bá dottoressa Bassi tó ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́. Mo gbé àwòrán kalẹ̀, mo gbé iye àṣìṣe Àyọ̀kẹ́ kalẹ̀. Ó ní òun ti ka ìwé tó wá láti Torino, bọ́tìnnì yóò bọ́ sípò. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń ka ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, àwọn méje yìí ni kò kà á, nítorí pé ẹnì kan kọ́ wọn pé kí wọ́n má kà. Mo ní èmi ni.

Ó ronú. Ó wá ní bí mo bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn kò péye, òun á gbé gbogbo àṣìṣe náà kúrò lórúkọ àwọn ọmọ náà, òun á gbé e sídìí ẹ̀kọ́. Èmi yóò gba contestazione, ìwé ẹ̀sùn, n ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sílé. Mo bi í pé Dùnsìn ńkọ́. Ó ní orúkọ Dùnsìn yóò mọ́. Mo tún bi í. Ó ní, “Pulito.” Mo fọwọ́ sí i.

Irọ́ ni mo fọwọ́ sí. Mo kọ́ wọn dáadáa. Ohun tí mo kọ́ wọn fi ọdún mẹ́sàn-án jẹ́ òótọ́ láràárọ̀. Prógíráàmù ni kò dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun pé orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìwé yẹn, tí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tí kò jókòó pọ̀ kò sì sí níbì kankan.

Mo sọ fún Dùnsìn pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ó fẹ́ mọ bí ó ṣe yanjú. Mo ní kó lọ máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, àgbà ló mọ bó ṣe ń ṣe é. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín páálí, àwọn ará Romania ń wò wá. Mo ní kó dìde.

Ọjọ́rú, 27 oṣù kọkànlá

Ọjọ́ kẹta mi nílé nìyí. Bàbá Fìyìn kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ó ní ta ló rán mi níṣẹ́. Mo fọ gbogbo kọ́tíìnì ilé, kò sí oòrùn tí yóò gbẹ ẹ́.

Ìwé kan wọ fóònù gbogbo òṣìṣẹ́. Prógíráàmù tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Accetta yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún ní gbogbo ojú-ewé, Scarta lọ́wọ́ òsì, àwọ̀ kan náà níbi gbogbo. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Mazzoni fún àkíyèsí iyebíye tó ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí orúkọ mìíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù kọkànlá

Dùnsìn pè mí lọ́sàn-án, ó ní lẹ́tà agenzia ti dé, ṣé mo lè wá bá òun kà á, Italian inú rẹ̀ le. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó ti ra ohun mímu dídùn dè mí.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní wọn kò ní tún ìwé iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí àṣìṣe, kò sí àṣìṣe kankan lórúkọ rẹ̀. Nítorí pé òṣìṣẹ́ náà kò gba ẹ̀kọ́ tó péye fún iṣẹ́ yìí ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ ọ ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ó pé, kò ṣẹ́kù lẹ́tà kan.

Mo lè fo ìlà yẹn. Kò ní mọ̀. Mi ò fò ó, mo kà á fún un ní Italian, mo sì tún un sọ ní Yorùbá.

Kò sunkún. Ó ní, “Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà, mà.” Mo tún un kà. Ó gba lẹ́tà náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí dottoressa Bassi sọ fún mi, bí ó ṣe ní orúkọ rẹ̀ yóò mọ́, bí mo ṣe bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọmọ tí kì í wo ojú mi tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ó wò mí lójú.

“Àǹtí, ẹ bi àwọn yẹn lẹ́ẹ̀mejì,” ló wí. “Èmi ńkọ́? Ẹ ò bi mí kí ẹ tó fọwọ́ sí i.”

Òótọ́ ni. Mi ò bi í. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n bi í.